Fáìlì dé, ṣùgbọ́n kò ṣí: kí ló ń ṣe àsomọ́ inú ímeèlì yín?

Bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n gbá láàpútọ́ọ̀pù wọn mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sí ọsibítù. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. A ò tíì kíra tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí ló ṣe é?"

"Ọmọ mi tó wà ní Kánádà bímọ. Ó fi fọ́tò ìkómọ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, mẹ́rìnlá. Mo rí wọn níbẹ̀, mo ka orúkọ wọn. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, kò ṣí. Ìyá wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi nílé."

Ẹ̀rọ kò kú. Orúkọ fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wà lójú rẹ̀, gbogbo wọn ló parí sí HEIC. iPhone ni ọmọ wọn fi ya àwọn fọ́tò náà. Láti ọdún 2017 tí iOS 11 ti jáde ni iPhone ti ń tọ́jú fọ́tò báyìí, nítorí kì í gba àyè tó JPEG tí gbogbo wa mọ̀. Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà bàbá, kò sì sí ohun tó lè ka HEIC níbẹ̀. Fọ́tò dé ní pípé, ẹ̀rọ náà sì dá ṣáṣá. Wọn kàn ò gbọ́ èdè ara wọn ni.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì lè sọ ọ́ láìbojú wẹ̀yìn pé nínú àwọn fáìlì tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé kò ṣí, díẹ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́. Òmíràn kò dé tán. Òmíràn dé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tí òun máa fi í lé lọ́wọ́. Òmíràn sì wà tí kọ̀ǹpútà mọ̀ dáadáa, tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣí i. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí lójú ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ: ó tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Oògùn wọn kò sì jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí fáìlì ń gbà wá. Nígbà tí ímeèlì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló lè gbé, ìyẹn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àmì díẹ̀. Kò sí fọ́tò, kò sí ohùn. Kódà ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò ráyè níbẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1992 ni ará Amẹ́ríkà kan, Nathaniel Borenstein, fi àsomọ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní ìlànà tí a ṣì ń lò di òní, èyí tí wọ́n ń pè ní MIME, tí òun àti Ned Freed jọ ṣe. Fọ́tò òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ máa ń kọrin ló so mọ́ lẹ́tà náà, pẹ̀lú ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń kọrin.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí fọ́tò náà di lẹ́tà. Ẹ̀rọ tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ á tú u palẹ̀, á fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kọ ọ́, ìlà lórí ìlà, ohun tí ojú èèyàn kò lè kà. Ẹ̀rọ tó gbà á á tún un tò padà bó ṣe wà. Báìtì ni ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn fáìlì, mẹ́ta mẹ́ta rẹ̀ ló ń di lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin, ẹrù náà á wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo sí i lójú ọ̀nà. Fáìlì tó jẹ́ 18MB lórí tábìlì yín á ti tó nǹkan bíi 24MB kó tó gúnlẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbà tí lẹ́tà yín bá padà wá pé ó ti pọ̀ jù, tí ẹ̀yin sì mọ̀ pé ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo yìí náà ló bí ọ̀kan nínú ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Gmail kì í gbé ju 25MB lọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ohun tó jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, Gmail á gbé e lọ sí Google Drive, àpótí ìkẹ́rùsí Google lórí ayélujára, á fi ojú ọ̀nà ibẹ̀ (link) sínú lẹ́tà. Lójú ẹni tó gba lẹ́tà, ó jọ àsomọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó tọrọ àyè, wọ́n kọ "Request access" síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbé kọ̀ǹpútà wá sọ́dọ̀ mi nítorí èyí nìkan. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè tún ṣe sí i. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ti ilẹ̀kùn, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹ pè é, kó tẹ Share, kó kọ ímeèlì yín síbẹ̀. Ó tún lè yan "Anyone with the link", ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé owó, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ojú ọ̀nà yẹn bá bọ́ sí lọ́wọ́ á wọlé.

Èyí tí kò dé tán ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa níbí, iná lè lọ, dátà lè tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè dákú kó tún jí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ lọ wo fódà Downloads. Bí orúkọ fáìlì náà bá parí sí crdownload (bó bá jẹ́ Chrome tàbí Edge lẹ fi gbà á) tàbí part (bó bá jẹ́ Firefox), ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí kò bá sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ rẹ̀, ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Inú ímeèlì á máa sọ pé 3.2MB ni, bí èyí tó wà ní Downloads bá jẹ́ 412KB, èyí tó kù ti já sọ́nà. Bó bá jẹ́ 0KB, àpò òfìfo lẹ gbà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ padà sínú ímeèlì lọ gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má ṣe lọ gba ètò kankan tó ní òun ń tún fáìlì ṣe. Fáìlì tí ìdajì rẹ̀ kò dé kò ní ohun tí wọ́n máa tún ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ wàhálà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fà wọlé.

Ọ̀rọ̀ èdè wá kù, òun ni mo sì fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀.

Láyé ọjọ́un, bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ṣọwọ́ sí yín, àrokò ni. Ẹ̀fà ni iye rẹ̀, "fà" sì wà nínú ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á gbà á, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ fún àlejò tí kò gbọ́ èdè wa ní owó ẹyọ mẹ́fà kan náà, á kà á, á rí i pé mẹ́fà ni, ó parí. Owó ẹyọ kò yí padà, kò sì sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Bí fáìlì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju nọ́ńbà lọ, òdo àti ení, ètò tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó nìkan ló lè sọ ọ́ di fọ́tò tàbí ìwé.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ètò tó yẹ kó pè? Ó ń wo ìrù fáìlì. Ìrù ni èmi máa ń pe lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn orúkọ, lẹ́yìn àmì ìdánudúró: docx, pdf, xlsx, jpg. Ó ṣeni láàánú pé Windows máa ń fi ìrù yìí pamọ́, bóyá kí ojú má baà rú wa, ojú wa sì ń rú sí i. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà ni pé mo máa ń yọ ọ́ síta. Lórí Windows 11, ẹ ṣí fódà èyíkéyìí, ẹ tẹ View, ẹ tẹ Show, kí ẹ wá tẹ File name extensions. Lórí Windows 10, ẹ tẹ View, kí ẹ fi àmì sínú àpótí File name extensions. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é láyé yín.

Bí ẹ bá ti rí ìrù, ẹ ti mọ púpọ̀. PDF kò yẹ kó fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà lónìí, torí Chrome, Edge àti Firefox lè ṣí i fúnra wọn. Docx ni Word láti ọdún 2007. Bí ẹ kò bá ní Word, LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣí i. Zip jẹ́ àpò tí wọ́n di fáìlì sí. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, kí ẹ yan Extract All, kí ẹ tú u kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣí i láìtú u ló ń sọ pé iṣẹ́ àwọn kì í dúró. Pages ni àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Apple fi ń kọ̀wé, Windows kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ ní kí ẹni náà fi PDF tàbí Word ránṣẹ́ láti inú Pages rẹ̀, ó wà níbẹ̀ fún un.

Winmail.dat wá ni àbíkú inú wọn. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á búra pé PDF lòun so mọ́ ọn, òótọ́ ló sì ń sọ. Outlook rẹ̀, ètò ímeèlì Microsoft, ló gbé lẹ́tà náà lọ́nà kan tí Outlook ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan mọ̀ ọ́n tú, ìyẹn Rich Text, ó sì di gbogbo ẹrù pọ̀ sínú winmail.dat. Ẹ sọ fún un kó yí lẹ́tà náà sí HTML tàbí Plain Text kó tó tún un fi ránṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn.

Àwọn tó ń ṣe ìwé ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú mọ CDR dáadáa. CorelDRAW ló ni ín, òun sì ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ní Ṣómólú ń lò. Atẹ̀wé á fi CDR ránṣẹ́ sí ìdílé olóògbé pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹni pé CorelDRAW wà nílé gbogbo èèyàn. Kódà bí ẹ bá ní in, bí tiyín bá gbó ju tiwọn lọ, kò ní ṣí, torí ètò àtijọ́ kì í gbọ́ èdè ètò tuntun. PDF ni kí ẹ béèrè. Atẹ̀wé tó bá ní PDF kò ṣe é ṣe, ẹ fi ojú rere wò ó, kí ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà mìíràn, ètò wà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni kọ̀ǹpútà ń pè. Ẹ ní ìwé Word, ó ń fi Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré inú Windows, ṣí i, ẹ wá ń rí kàntìkàntì. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì lórí fáìlì náà, ẹ yan Open with, ẹ yan Choose another app, kí ẹ fi ètò tó tọ́ hàn án, kí ẹ sì sọ fún un pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, Always.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ pa orúkọ fáìlì dà kí ẹ máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fi ránṣẹ́ wá, ó ti pa ìrù rẹ̀ dà láti pages sí docx, Word wá ń sọ fún un pé fáìlì náà ti bàjẹ́. Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ọmọ. Kì í ro fáìlì.

Bí ìrù náà bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ọ̀nà kan wà láti wo inú fáìlì tààrà, mo sì fẹ́ràn láti máa fi í han àwọn èèyàn torí ó máa ń dùn mọ́ wọn. Ẹ ṣí Notepad sílẹ̀, kí ẹ wọ́ fáìlì náà sínú rẹ̀. Gbogbo ojú ìwé á kún fún ìsọkúsọ, ẹ má mikàn. Ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni kí ẹ wò, lẹ́tà díẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí %PDF, PDF ni, ohun yòówù tí wọn ì báà pè é. Bí ẹ bá rí PNG ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, fọ́tò ni. Bí ẹ bá rí PK, àpò zip ni. Phil Katz, ẹni tó dá zip sílẹ̀ ní 1989, ló fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sórí gbogbo wọn. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé ẹ máa rí PK lórí docx àti xlsx náà, torí pé àpò zip ni Word àti Excel òde òní, tí wọ́n fi aṣọ mìíràn bò.

Èyí tó tíì pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọmọbìnrin kan tí PDF ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀ kò ṣí. Adobe Reader ní ó ti bàjẹ́. Mo wọ́ ọ sínú Notepad, ohun tí mo rí ní ìlà àkọ́kọ́ ni "<!DOCTYPE html". Ojú ìwé ayélujára ni! Inú ọgbà iléèwé ló wà nígbà tó gbà á, Wi-Fi ibẹ̀ sì fẹ́ kó kọ́kọ́ kọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Dípò ìwé ìgbaniwọlé, ojú ìwé ìwọlé Wi-Fi ni kọ̀ǹpútà gbé wá tó fi orúkọ PDF pamọ́. A fi dátà fóònù mi gbà á, kò pé ìṣẹ́jú kan.

Ó tún kan èyí tí kọ̀ǹpútà mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀.

Ẹni tó bá to igi jọ sẹ́bàá ọ̀nà oko, tó fẹ́ kí ará ọ̀nà mọ̀ pé ó ní olówó, á so ààlè mọ́ ọn, àkísà kan tàbí ìgbálẹ̀ ògbólógbòó. Kò sí àgádágodo níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i ló máa ro ara rẹ̀ wò kó tó na ọwọ́. Windows náà ń so irú ààlè bẹ́ẹ̀ mọ́ fáìlì tó bá ti orí ayélujára wá, àmì kan tí ojú kì í rí. Bí Word bá fẹ́ ṣí i, ó rí ààlè, á ṣí i ní Protected View pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ìyeyè lókè: ẹ lè kà á, ẹ kò lè kọ nǹkan sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti há nìyẹn. Kò há. Bí ẹ bá mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹ tẹ Enable Editing. Bó bá wá jẹ́ pé ètò náà kọ̀ jálẹ̀, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì, ẹ yan Properties, kí ẹ wo ìsàlẹ̀: bí ẹ bá rí Unblock, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ tẹ OK. Ẹ ti tú ààlè nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú u, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi so ó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, àwọn èèyàn káàkiri ayé rí lẹ́tà kan gbà tó ní "ILOVEYOU", àsomọ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Ìrù tí Windows ń fi pamọ́ ló ṣe iṣẹ́ ibi: vbs, ìrù ètò tó lè ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kò hàn, TXT ni wọ́n rí, wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ lásán ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Láti Filipíìnì ló ti gbéra, ó wọ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń ba fáìlì jẹ́, ó sì ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àdírẹ́sì. Ẹni tó bá ń rí ìrù fáìlì kì í tètè kó sí irú páńpẹ́ yìí. Bí ẹ bá rí orúkọ tó parí sí pdf.exe, exe ni, ètò ni, kì í ṣe ìwé. Ẹ gbàgbé pdf tó wà láàárín.

Ìdí nìyẹn tí Gmail kì í jẹ́ kí exe, js, vbs, bat àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kọjá, kódà bí ẹ bá dì wọ́n sínú zip. Bí ẹnìkan bá ní òun fi ètò kan ránṣẹ́ tí kò sì dé, ibẹ̀ ló há sí. Láti ọdún 2022 ni Microsoft náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá macro dúró nínú fáìlì Word àti Excel tó bá ti ayélujára wá, ìyẹn iṣẹ́ kéékèèké tí fáìlì lè máa dá ṣe nínú kọ̀ǹpútà yín. Ìlà pupa ni ẹ máa rí. Pupa kì í ṣe ìyeyè. Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀yin àti ẹni náà jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì ti fi fóònù bi í, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ sì ṣọ́ àsomọ́ tó parí sí html tàbí htm. Ó máa ń ṣí wẹ́rẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Á ní kí ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yín kí ẹ tó lè rí ìwé náà. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Ti báńkì yàtọ̀: àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní PDF sábà máa ń ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí wọ́n á ṣàlàyé nínú lẹ́tà bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n. Páásíwọ́ọ̀dù fáìlì nìyẹn. Kò sí ìgbà tó yẹ kí fáìlì máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yín, tàbí PIN káàdì yín.

Àwa tó ń kọ Yorùbá tún ní ìṣòro kan tí àwọn ẹlòmíràn kò mọ̀. Fáìlì ṣí, ṣùgbọ́n àpótí kéékèèké ló kún ibi tó yẹ kí ẹ́, ọ̀ àti ṣ wà. Ẹni tó kọ ọ́ lè ti lo fọ́ńtì àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe fún Yorùbá kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó gbilẹ̀, tí fọ́ńtì náà kò sì bá fáìlì rìn. Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí ẹ gba fọ́ńtì náà, tàbí kó fi PDF tó gbé fọ́ńtì sínú ránṣẹ́. Ti Unicode gan-an kò ṣàìní wàhálà tirẹ̀. Unicode fún ẹ àti ọ olóníkókó ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ tó ní àmì lórí ní àyè kan ṣoṣo. Àmì ohùn ní láti gun orí lẹ́tà, fọ́ńtì tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó yà á ní àpótí. Ẹ yan gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ pa fọ́ńtì rẹ̀ dà sí Noto Sans tàbí Charis SIL, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa tò padà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi ìyà tó jẹ mí sọ: ẹ gba fáìlì sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Nígbà kan, mo tẹ ìwé Word kan láti inú Outlook tààrà, mo ṣiṣẹ́ lé e lórí fún wákàtí mẹ́ta, mo ń tẹ Save bó ṣe yẹ. Mo pa á. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ wá a, n ò rí i. Fódà ìkọ̀kọ̀ kan tí Windows ń kó ohun ìgbà díẹ̀ sí ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí láti àárọ̀, wọ́n sì ti gbá ibẹ̀. Èyí tó wà nínú ímeèlì ṣì wà níbẹ̀ bí ọjọ́ tó dé, láìsí ọ̀rọ̀ kan tèmi nínú rẹ̀. Mo tún un kọ ní òru.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Ètò kan wà ní Microsoft Store tí wọ́n ń pè ní HEIF Image Extensions, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n fọ́tò iPhone tún nílò ẹnìkejì rẹ̀, HEVC Video Extensions, tó jẹ́ $0.99 bí kò bá ti bá kọ̀ǹpútà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Bàbá gbọ́ káàdì, wọ́n gbọ́ dọ́là, wọ́n ní rárá o. Mo bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní kó lọ sí Settings, Camera, Formats, kó yan Most Compatible fún ti ọjọ́ iwájú, kó sì sọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ di JPEG kó tún wọn fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé. Bàbá wo ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, wọ́n ní etí ìyá àwọn gẹ́lẹ́ ló gbé wá.

Wọ́n ní kí n bá àwọn dá ọmọ náà lóhùn, kí n so fọ́tò àwọn àti màmá mọ́ ọn, èyí tí wọ́n yà nínú aṣọ òkè. Wọ́n ń sọ ọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́: "A ti rí ọmọ wa. Fọ́tò tiwa náà rèé, so ó mọ́ ògiri fún un." Mo tẹ Send. Bí èèyàn bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé òun so nǹkan mọ́ lẹ́tà, tí kò sì so nǹkan kan, Gmail máa ń kìlọ̀ fún un kó tó lọ. Yorùbá la fi kọ ọ́, Gmail kò wí nǹkan kan. Kò pẹ́ tí ọmọ fi dáhùn láti Kánádà:

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣùgbọ́n fọ́tò yín kò sí níbẹ̀."